Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ibo ni?

Ìbéèrè yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba. Ìyá àgbà á ní ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, torí ibẹ̀ ni agboolé bàbá rẹ̀ wà. Bàbá á ní ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣebí ilé ìwòsàn wọn ni wọ́n bí i sí. Ọmọ náà fúnra rẹ̀, tó ti ń lọ sí ọmọ ọdún 16, á ní ọmọ Peckham, àdúgbò wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, lòun. Bó bá wá di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba páálí, ìyẹn ìwé ìrìnnà, fún un, òṣìṣẹ́ ìjọba á kọ̀wé sí wọn pé ọmọ Nàìjíríà ló ṣì jẹ́ lójú òfin. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bàbá nìkan ló ṣì í gbọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù tọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn wọn kò jọra rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an. Mo ti rí ìdílé tí àṣìgbọ́ kékeré nípa rẹ̀ ná lówó gọbọi, mo sì ti rí ọmọ tó ń sunkún nítorí pé àwọn ará ibí ní kì í ṣe tiwọn, àwọn ará ilé náà ní kì í ṣe tiwọn. Ohun tó ń fa ìdàrúdàpọ̀ náà ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo là ń bi ọmọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ibi tí wọ́n bí i sí, páálí tó ní, ìlú tí ara rẹ̀ ti mọ́, àti ìdílé tó ti ṣẹ̀ wá.

Àwọn tó ṣètò ìkànìyàn ní England àti Wales lọ́jọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2021 mọ èyí dáadáa. Fọ́ọ̀mù wọn kò bi ẹnikẹ́ni pé ọmọ ibo ni ọ́. Ó béèrè orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí ọ, ó béèrè irú páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Lọ́tọ̀, ó béèrè orílẹ̀-èdè tí ìwọ alára ka ara rẹ mọ́, ó sì gbà kí o mú ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tó kan ẹ̀yà, ẹni tó bá mú aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ibi tí ìran rẹ̀ ti wá gan-an. Èdè ló tún wá béèrè lẹ́yìn náà.

Obìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa jókòó ti fọ́ọ̀mù yẹn lálẹ́ nínú fúláàtì rẹ̀ ní Camberwell. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, nítorí náà ó kọ Nàìjíríà. Páálí Ìlú Ọba ló mú níbi páálí. Níbi orílẹ̀-èdè tó ka ara rẹ̀ mọ́, ó mú British, kò mú English. Ó kọ Yorùbá síbi ẹ̀yà. Nígbà tó dé ibi èdè, ó gbé kálámù sílẹ̀ díẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, Yorùbá ló fi ń gbàdúrà, òun ló sì fi ń bínú. Yorùbá ló kọ. Kò sí èyí tó ta ko èkejì nínú gbogbo ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti páálí, torí òun ló ń ná àwọn èèyàn wa lówó jù.

Títí di ìparí ọdún 1982, ọmọ tí wọ́n bá ti bí sórí ilẹ̀ Ìlú Ọba ti di ọmọ ibẹ̀ nìyẹn, àfi bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Bóyá akẹ́kọ̀ọ́ làwọn òbí rẹ̀ tàbí àlejò tó wá gbàtọ́jú, kò kan òfin. Kemi Badenoch, tó di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, wà lára àwọn tó jẹ àǹfààní òfin àtijọ́ yẹn. Wimbledon ni wọ́n bí i sí ní oṣù kìíní ọdún 1980, Èkó ló ti lo púpọ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀, nígbà tó sì pé ọmọ ọdún 16, bí ọmọ onílẹ̀ ló ṣe padà wọlé.

Òfin tí ilé aṣòfin wọn ṣe ní 1981, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, ti ilẹ̀kùn yẹn. Láti ọjọ́ náà, kí ọmọ tó lè di ọmọ Ìlú Ọba lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bí i, ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba, tàbí kó ti gba ìyọ̀ǹda láti máa gbé ibẹ̀ títí lọ, èyí tí àwọn èèyàn wa ń pè ní stay. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà gan-an ni wọ́n máa ń wò. Bí ìyá bá gba stay lọ́jọ́ kejì ìsọmọlórúkọ, ó ti pẹ́ jù fún ti ojú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2006, ti bàbá kì í kà bí òun àti ìyá ọmọ kò bá ṣègbéyàwó. Èyí ṣì ń dí àwọn ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́ títí dòní.

Ìwé ìbí ló ń tan àwọn òbí jẹ. Wọ́n rí i tí orúkọ Southwark tàbí Lambeth wà lórí rẹ̀, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwé ìbí ń jẹ́rìí ibi tí wọ́n bí ọmọ sí ni. Kò jẹ́rìí pé ọmọ onílẹ̀ ni.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí nínú ilé. Tọkọtìyàwó kan wá pẹ̀lú físà iṣẹ́. Ní ọdún kejì, wọ́n bí Tèmítọ́pẹ́. Ní ọdún karùn-ún wọ́n gba stay, ní ọdún kẹfà wọ́n bí Tèmilolúwa. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, ilé ìwòsàn kan náà, ibùsùn olókè-nísàlẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń sùn lé. Lójú òfin, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àbúrò jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba. Lọ́jọ́ tí ilé ìwé bá mú ìwé wá pé àwọn ọmọ ń lọ wo Paris fún ọjọ́ mẹ́ta, páálí àbúrò ti wà nílẹ̀ digbí, àmọ́ ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí wá físà fún ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ ni ọmọ yẹn á ti kọ́kọ́ gbọ́ pé òun kì í ṣe ohun tóun rò pé òun jẹ́, láàárín àwọn tí wọ́n ti jọ wà láti kíláàsì ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò yẹ kó jẹ́ ibẹ̀ ló ti máa gbọ́. Àwọn òbí rẹ̀ ìbá ti sọ fún un, wọn ìbá sì ti ṣe ohun tó yẹ, torí pé lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ti gba stay ni wọ́n ti lè lọ forúkọ Tèmítọ́pẹ́ sílẹ̀ láti di ọmọ Ìlú Ọba, níwọ̀n ìgbà tí kò tíì pé ọdún 18. Òfin kì í ṣe é fún wọn láìjẹ́ pé wọ́n béèrè.

Ní ti àgbàlagbà, ọ̀nà náà gùn. Lẹ́yìn stay, ọ̀pọ̀ èèyàn á tún dúró fún oṣù 12 kí wọ́n tó lè béèrè láti di ọmọ onílẹ̀. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ ti ṣe ìdánwò nípa ìgbésí ayé ní Ìlú Ọba: ìbéèrè 24, ìṣẹ́jú 45, ó kéré tán èèyàn gbọ́dọ̀ gba 18. Lẹ́yìn náà ni ayẹyẹ ìbúra, tó ti wà láti ọdún 2004, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́jẹ̀ẹ́ láti ṣòótọ́ sí Ọba. Ẹni bá dé gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ á rí àwọn ìyá wa tí wọ́n wé gèlè, tí wọ́n lo ìlẹ̀kẹ̀, tí àwọn ọmọ wọn ń ya fọ́tò wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Ọba Charles. Ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ ti wà nílé dè wọ́n. Mi ò rí ohun tó burú nínú kí èèyàn fi aṣọ òkè búra fún ọba ilẹ̀ mìíràn. Ìlú tó gba ọmọ ẹni tọ́ yẹ lẹ́ni tí à ń bọ̀wọ̀ fún.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá búra báyẹn ti ta Nàìjíríà nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 28 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gba ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ ti ìbí láyè láti ní orílẹ̀-èdè mìíràn pẹ̀lú. Ẹni tó jẹ́ pé ṣe ló forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Àṣìgbọ́ kejì burú ju ìyẹn lọ, a sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn ńláńlá: pé obìnrin Nàìjíríà kò lè fún ọmọ rẹ̀ ní ìlú. Abala 25 sọ ọ́ kedere pé ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ òkèèrè jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ti ìbí bí èyíkéyìí nínú àwọn òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Èyíkéyìí. Ohun tí òfin fi du obìnrin, èyí tó ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ni ti ọkọ: ọkùnrin Nàìjíríà tó fẹ́ ọmọ ilẹ̀ mìíràn lè jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ obìnrin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ náà ti wá. Ní ti ọmọ, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ṣakí, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Jamaica, tí wọ́n bí sí Lewisham, ọmọ Nàìjíríà ni láti ọjọ́ tó ti ké ìgbe àkọ́kọ́, kódà bí kò bá tíì fojú kan pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà rí.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù méjì jẹ́ ká rí i pé òfin lè gba méjèèjì láyè kí ọkàn ṣì wá yan ọ̀kan. Bukayo Saka, tí wọ́n bí sí Ealing, gbá bọ́ọ̀lù fún England. Ademola Lookman, tí wọ́n bí sí Wandsworth, tó dàgbà ní Peckham, wà lára ikọ̀ England tó gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ọdún 20 lọ ní 2017, kó tó yí sí Nàìjíríà ní 2022. Ní 2024, òun ni wọ́n dá lọ́lá bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Lọ́ńdọ̀nù ló bí àwọn méjèèjì, Yorùbá ló sọ wọ́n lórúkọ. Mi ò gbà pé ọ̀kan nínú wọn da ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Saka ní Wembley lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2021 kò ṣeé gbàgbé. Ó gbá pẹ̀nárítì tó kẹ́yìn nínú ìdíje pẹ̀lú Ítálì, kò wọlé, ọmọ ọdún 19 ni. Láàárín wákàtí díẹ̀, èébú nípa àwọ̀ ara rẹ̀ ti kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ náà ni fún Rashford àti Sancho tí wọ́n jọ pàdánù tiwọn. Èèyàn púpọ̀ gbèjà wọn lóòótọ́. Àmọ́ gbogbo ọmọ dúdú tó wà nílùú náà ló rí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé èèyàn lè ní páálí, kó wọ aṣọ orílẹ̀-èdè, kí àwọn kan ṣì máa retí ọjọ́ tó máa ṣe àṣìṣe kí wọ́n lè sọ fún un pé kó padà síbi tó ti wá.

Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa fi ń sọ pé ọmọ Lọ́ńdọ̀nù làwọn kí wọ́n tó sọ pé ọmọ England làwọn. Nínú ìkànìyàn 2021, èèyàn bíi mílíọ̀nù 8.8 ló ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí ẹni 4 nínú 10 ni wọ́n sì bí sí òkè òkun. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń wo èèyàn bí àràmàǹdà nítorí pé orúkọ rẹ̀ gùn. Ẹ rìn gba Rye Lane ní Peckham lọ́sàn-án Sátidé. Èlùbọ́ wà níta nínú àpò, ata rodo wà nínú abọ́ ike, pánla gbígbẹ ń rùn láti ìsọ̀ kẹta. Ẹni tó ń gé ẹran lè jẹ́ ọmọ Afghanistan, àmọ́ ó mọ ṣàkì, ó mọ pọ̀nmọ́, ó sì mọ̀ pé 'fi jàrá sí i' kì í ṣe ìbéèrè. Ọmọ tó dàgbà sí àdúgbò yẹn kò ní láti yan láàárín òyìnbó àti Yorùbá kó tó jáde nílé. Ìlú fúnra rẹ̀ ti pò wọ́n pọ̀ dè é.

Kò sì ṣẹlẹ̀ lójijì. Ní ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ òfin, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí WASU. Nígbà yẹn, onílé á wo ojú akẹ́kọ̀ọ́ dúdú lẹ́nu ọ̀nà, á ní yàrá ti tán. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ náà fi ṣí ilé ibùgbé tirẹ̀ lójú ọ̀nà Camden ní 1933. Àwọn tó sùn nínú ilé yẹn kò rò pé àwọn á dúró pẹ́. Wọ́n fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n padà sílé lọ di ẹni ńlá.

Èrò pé a kò ní pẹ́ yìí ló fa ohun kan tí ìran wa kì í fẹ́ sọ síta. Láti àwọn ọdún 1950 títí wọ àwọn ọdún 1970, àwọn òbí tó ń kàwé lọ́sàn-án, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóru, kò rí ibi gbé ọmọ sí. Wọ́n polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ìdílé tó máa bá àwọn tọ́ ọmọ, wọ́n sì gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà fún òyìnbó ní Kent, ní Essex, ní Sussex. Lójú àwọn òbí, kò ju àṣà tí wọ́n bá nílé lọ, bí a ṣe ń gbé ọmọ fún àǹtí tàbí fún tíṣà kó lè gbẹ̀kọ́. Ohun tí wọn kò rò ni pé nílé, ẹni tó ń bá wa tọ́mọ mọ oríkì ọmọ náà, ó mọ ọ̀nà agboolé rẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó jẹ èdè kan náà. Níbí, ọmọ kan lè pé ọdún mẹ́jọ kó tó mọ ẹni tó lè bá a di irun orí rẹ̀. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje ti sọ ọ́ ní gbangba pé Tilbury lòun dàgbà sí lọ́dọ̀ irú ìdílé bẹ́ẹ̀, àti pé ìfẹ́ kí wọ́n ka òun kún ló sún òun dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó kórìíra aláwọ̀ dúdú. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ ìgbà náà rí ìfẹ́ tòótọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó tọ́ wọn. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nìkan kò sọ wọ́n di Yorùbá. Kí èèyàn tó ka ìdílé kan sí tirẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa fi ojoojúmọ́ pè é sínú rẹ̀. (Lónìí, ẹni tó bá gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 fún ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́, bí ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí ìyá àgbà, fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀.)

Ilé ìwé àti ilé ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ méjì. Tíṣà á ní, "Wò mí lójú tí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀." Lójú tíṣà, ọmọ tó gbé ojú sílẹ̀ ń fi nǹkan pamọ́. Ọmọ délé, bàbá ń bá a wí, ó gbé ojú sókè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Èmi lò ń wò lójú báyẹn?" Ọmọ ọdún méje ti mọ ibi tó yẹ kó ti gbójú sókè àti ibi tó yẹ kó ti gbé e sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún un. Mo fẹ́ kí àwọn òbí jókòó ṣàlàyé ọ̀hún. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ọmọ tó mọ̀ pé ìwà méjèèjì jẹ́ ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń lò ó, kò ní máa rò pé ọ̀kan nínú ibi méjèèjì kórìíra òun.

Orúkọ náà ń kọ́? Olùkọ́ ń pe orúkọ láàárọ̀, ó dé orí Olúwafìkáyọ̀mi, ó dákẹ́, ó fa ojú ro. Kó tó la ẹnu, ọmọ ti dáhùn: "Mo wà níbí." Láti ọjọ́ náà, ó di Kay. Ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, àwọn ọmọ tí òbí wọn ti Caribbean wá pàápàá máa ń fi àwọn ọmọ Áfíríkà ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, débi pé àwọn ọmọ Yorùbá kan ń sọ pé Jamaica làwọn ti wá. Orin ló yí i padà ju ohun gbogbo lọ. Nígbà tí Wizkid máa fi kún gbọ̀ngàn O2 ní 2018, àwọn ọmọ tí wọn kì í ṣe Yorùbá ti ń fi Yorùbá kọrin. Àwọn tó ti gé orúkọ wọn kúrú ń tún un kọ ní kíkún lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yàtọ̀ sí ti ọmọ. Ọmọ ń wá ibi tó máa kún. Àgbàlagbà ti ní ibi tó kún tẹ́lẹ̀, ó fi í sílẹ̀ ni. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ní báńkì ní Marina, tí àwọn awakọ̀ ń bá gbé báàgì, dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú arúgbó. Ọmọ ọdún 23 ló ń yan iṣẹ́ fún un, orúkọ rẹ̀ lásán ló sì ń pè é. Kì í ṣe owó ló ń dùn ún jù. Ní ọjọ́ Àìkú, ó wọ kóòtù, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́bàá Old Kent Road, èyí tó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ kí i: "Ẹ káàárọ̀ sà, Díákónì." Nínú ìwádìí tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013, wọ́n ka ṣọ́ọ̀ṣì tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú rẹ̀ tó nǹkan bí 240 ní Southwark nìkan. Àwọn kan ń wò ó bí àṣejù. Ẹni tó bá ti fi ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ á mọ ìdí tí ọjọ́ keje fi ṣe pàtàkì. Ohun kan náà ló wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti nínú ọ̀wáńbẹ̀ tí aṣọ ẹbí rẹ̀ ti Balógun wá: níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pe èèyàn ní ọmọ bàbá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá wá gbé ọmọ lọ sílé, ìdánwò mìíràn nìyẹn. Òbí mìíràn máa ń fi ọmọ sí ilé ìwé nílé kó lè gbẹ̀kọ́. Anthony Joshua, akànṣẹ́ tí wọ́n bí sí Watford, tí ẹbí rẹ̀ ti Ṣágámù wá, lo oṣù mélòó kan ní Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 11. Góòlù Olímpíìkì 2012 tó gbà, Ìlú Ọba ló gbà á fún, àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà sì wà lára rẹ̀ tó fín sí apá. Àmọ́ ọmọ tí kò ní irú òkìkí bẹ́ẹ̀ á dé Ṣágámù, wọ́n á pè é ní òyìnbó, oníṣòwò á fi owó lé ọjà, àwọn mọ̀lẹ́bí á rẹ́rìn-ín sí Yorùbá ẹnu rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń pa Yorùbá lẹ́nu àwọn ọmọ wa jù nìyẹn, lẹ́yìn ìbẹ̀rù àwọn òbí tó rò pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ọmọdé lè gbọ́ èdè méjì láti kékeré láìsí pé ọ̀kan pa èkejì lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ìyá àgbà ń sọ Yorùbá lórí WhatsApp, ọmọ ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ọ̀rọ̀ ń lọ geere fún odidi wákàtí kan. Ohun tó kù ni ìgboyà láti fi ẹnu sọ ọ́.

Ní báyìí, òfin ti ń le sí i fún àwọn tó ń bọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún náà, àwọn tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kò lè mú ẹbí wọn wá mọ́, kí ìjọba tó wá ti ọ̀nà náà pa fún àwọn tuntun láti òkè òkun ní oṣù keje ọdún 2025. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba gbé àbá jáde láti sọ ọdún márùn-ún tí ọ̀pọ̀ ń dúró kí wọ́n tó gba stay di mẹ́wàá. Àwọn tó ń tọ́jú ìyá arúgbó ní Croydon ń fi ọmọ tiwọn sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá wọn ní Òṣogbo. Mi ò mọ bí ìlú ṣe lè gba iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn tọkàntọkàn kó má gba ọmọ rẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Fún àwọn tí ọmọ wọn ti wà níbí, ọ̀nà kan ṣì wà tí àṣìgbọ́ ń fi í pamọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba, tó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ibẹ̀, bí kò bá ju 90 ọjọ́ tó lò lókè òkun nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ọdún náà. Kò kan bóyá àwọn òbí rẹ̀ ti gba stay tàbí wọn kò tíì gbà. Wọ́n á wo ìwà rẹ̀ pẹ̀lú, torí ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá ni òfin ń wo ìwà rẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, àmọ́ láti oṣù kẹfà ọdún 2022, ìdílé tí kò lágbára rẹ̀ lè béèrè pé kí wọ́n yọ̀ǹda owó náà fún ọmọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe da ìwé nù: ìwé pupa tí wọ́n fi ń wọn ọmọ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, lẹ́tà dókítà, èsì ilé ìwé láti ọdọọdún. Àwọn ni wọ́n á fi mọ̀ pé ọmọ náà wà níbí.